Bí Eku Ọ̀sìn Ṣe Ń Fọkàn Tán Ẹni Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀

Irú kan náà ni eku tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú ilé àti eku aláwọ̀ ilẹ̀ tí ń gbé ojú gọ́tà. Rattus norvegicus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àwọn méjèèjì. Ìran ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19, ní ayé Ọbabìnrin Victoria, ọkùnrin kan tí ń fi eku mímú ṣiṣẹ́ ṣe, Jack Black, a máa ṣa àwọn eku tí àwọ̀ wọn ṣàjèjì sọ́tọ̀, a máa jẹ́ kí wọ́n bímọ, a sì máa tà wọ́n fún àwọn tí ó fẹ́ sìn wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń sin eku ti ń yan èyí tí kì í bẹ̀rù ènìyàn, tí kì í sì í géni jẹ, láti bímọ. Irú àṣàyàn yìí ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Novosibirsk, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní ọdún 1972 pẹ̀lú eku ìgbẹ́, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: bí ìran ti ń gorí ìran, àwọn tí a yàn nítorí ìwà tútù ń gbà kí a gbé wọn, àwọn ti ọ̀nà kejì, tí a yàn nítorí ìwà líle, sì ń fò mọ́ ọwọ́ tí ó bá sún mọ́ wọn. Nítorí náà, kò mọ́gbọ́n wá kí ẹnikẹ́ni mú eku ojú gọ́tà wálé, kí ó máa retí pé yóò jókòó lé òun léjìká. Àrùn ni ó ṣeé ṣe kí ó bá a wọlé.

Ìran nìkan kò sì tó. Eku kì í ríran jìnnà, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ pupa, tí a máa ń rí tí ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì kí ó lè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Imú àti irun gígùn ẹ̀gbẹ́ imú ni ó fi ń mọ ayé. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sìn fi máa ń kọ́kọ́ ju aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ sínú kéèjì, kí òórùn ara wọn lè di ohun tí eku ń sùn tì. Ọwọ́ yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti wọlé, nítorí láti òkè ni àṣá ti ń já eku gbà. Ní àkọ́kọ́, eku yóò já oúnjẹ gbà, yóò sì sá lọ jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá wá ń jókòó jẹ ẹ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rù ti ń kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Ìfura rẹ̀ sí oúnjẹ tuntun ní ìdí: eku kò lè bì, bí ó bá gbé májèlé mì, kò sí ọ̀nà àtipọ̀ ọ́ jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tọ́ ohun tí kò mọ̀ wò, a sì máa gbóòórùn ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti mọ ohun tí ó ti jẹ láìkú.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Àwọn kan gbà pé eku tí ó bá dá wà ni yóò fẹ́ràn ènìyàn jù, àṣìrò ni. Orí ara wọn ni eku ń sùn, wọ́n ń fi eyín tún irun ara wọn ṣe, òru tí ènìyàn ń sùn ni wọ́n sì ń ṣeré jù. Eku tí kò ní ẹnìkejì a máa sorí kọ́. Méjì, ó kéré tán, ni kí a sìn papọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, nítorí abo lè lóyún láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, oyún náà kì í sì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Bí ìbẹ̀rù bá ti lọ tán, eré ni ó kàn. Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jaak Panksepp, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá rin eku ní ọrùn àti ikùn, bí a ti ń rin ọmọdé kí ó lè rẹ́rìn-ín, ó ń ké ní ohùn tí ó ga gan-an, nǹkan bí 50 kHz, èyí tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ó sì ń lé ọwọ́ náà kiri kí a tún lè rin ín sí i. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Berlin kọ́ eku ní eré bojúbojú. Wọ́n ń sá pamọ́, wọ́n ń wá ẹni tí ó sá pamọ́, kò sì sí oúnjẹ kankan tí a fi san án fún wọn ju kí a rin wọ́n, kí a sì bá wọn ṣeré lọ.

Ohun tí ojú lè rí ni ìpayínkeke, tí kì í sábà jẹ́ ti ìrora. Eku tí ara tù ń lọ eyín iwájú mọ́ ara wọn, nítorí kò sí ìgbà tí eyín náà kì í hù. Iṣan àgbọ̀n tí ó gba ẹ̀yìn ojú kọjá yóò sì máa ti ẹyinjú síta, yóò tún máa fà á padà, kíákíákíá, débi pé àlejò lè rò pé gìrì mú un. Ní ìdàkejì, omi pupa tí ó bá yí ojú tàbí imú ká kì í sábà jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Inú ẹṣẹ́ kan, ìyẹn ẹ̀yà ara tí ń sun omi, lẹ́yìn ojú ni ó ti ń wá, ìnira tàbí àìsàn ni ó sì ń fi hàn. Bí ó bá wá ń mí pẹ̀lú ariwo, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láìjáfara: àrùn ẹ̀dọ̀fóró wọ́pọ̀ lára wọn, òórùn ìtọ̀ tí a kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sì ń dá kún un.

Ọdún méjì sí mẹ́ta ni eku ń lò láyé. Bí ó bá ti ń darúgbó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa rọ. Nígbà náà ni a ń yọ àwọn pẹpẹ gíga inú kéèjì kúrò, tí a ń gbé omi àti oúnjẹ sí ìsàlẹ̀, tí a sì ń bá a nu ibi tí ẹnu rẹ̀ kò dé mọ́.