Kí Ló Ń Pa Iná Nínú Rélùwéè ní Washington?

Àǹtí mi kan wọ rélùwéè ní New York, wọ́n ń lọ sí Richmond ní Virginia. Ọkọ̀ dé Washington, ó dúró, ni iná bá kú nínú kọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ amúlétutù náà dákẹ́. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé iná ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni iṣẹ́ mi. "Ṣé ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pààrọ̀."

Kọ́ọ̀ṣì tí èrò ń jókòó sí kì í dá iná ní. Ara ẹ́ńjìnnì tó ń fà á ni iná ti ń wá, inú àwọn wáyà dúdú tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé ló sì ń gbà. Òṣìṣẹ́ kan á bọ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì àti kọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, á fa àwọn wáyà náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á tú rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì oníná á sì kúrò níbẹ̀. Títí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì á fi dé, iná bátìrì kéékèèké nìkan lẹ máa rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dán bíréèkì wò kí ọkọ̀ tó ṣí. Ìdí ni pé ara wáyà tó wà lókè ojú irin ni ẹ́ńjìnnì oníná ti ń gba iná; láti Washington lọ sí gúúsù, kò sí irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́, dísẹ́ẹ̀lì ló ń fa ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí ọkọ̀ lè máa sáré ni wọ́n ṣe gbé iná wọ ọ̀nà yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èéfín ló fà á. Ẹ́ńjìnnì èédú dára ní gbangba, ṣùgbọ́n inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ní Baltimore, ilé-iṣẹ́ Baltimore and Ohio ti rí ìdáhùn ní 1895: ẹ́ńjìnnì oníná ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ gba abẹ́ ìlú kọjá, tòun ti ẹ́ńjìnnì èédú rẹ̀. New York ò tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1902, nínú ihò Park Avenue, èéfín àti ooru omi bo iná àmì mọ́ awakọ̀ kan lójú, ó sì lọ kọlu ọkọ̀ tó dúró níwájú rẹ̀. Èèyàn 15 tó ń lọ síbi iṣẹ́ wọn ló kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣòfin pé láti 1908, ẹ́ńjìnnì èédú kò gbọdọ̀ gba ihò yẹn mọ́.

Títí di 1910, Jersey City ni Pennsylvania Railroad máa ń já èrò New York sí, wọ́n á wá wọkọ̀ ojú omi sọdá odò Hudson. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbẹ́ ihò sábẹ́ odò, ẹ́ńjìnnì oníná nìkan ló lè gba ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ibùdó kan sínú irà ní New Jersey, wọ́n pè é ní Manhattan Transfer. Títì kankan ò dé ibẹ̀. Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ nìkan ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ. Ohun tójú àǹtí mi rí ní Washington gan-an nìyẹn. Nígbà tó di 1935, wáyà ti gùn dé Washington, wọ́n sì ti ibùdó inú irà yẹn pa ní 1937. Ibi tí wáyà bá parí sí ni wọ́n ti ń pààrọ̀. Lápá àríwá, New Haven ni, títí wáyà fi dé Boston ní 2000.

Ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni GG1, ẹ́ńjìnnì oníná ti Pennsylvania Railroad. Wọ́n ṣe 139 láàárín 1934 sí 1943, àwọn kan sì ṣiṣẹ́ títí di 1983. Ní oṣù kejì 1958, yìnyín kan bọ́ tó kúnná bí èlùbọ́. Ó gba inú asẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá, ó dé ara mọ́tò, ó yọ́ di omi, ni ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní láti gbé ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ sókè. Mi ò lè yẹ asẹ́ wò kí ìtàn yẹn má sọ sí mi lọ́kàn.

Kì í ṣe òkè nìkan ni iná ń gbà o. Blue Line ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina sí Mile 2 ní 2023, irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń fún un níná. Irin yẹn kì í pariwo, irin lásán ló jọ lójú, ṣùgbọ́n iná ara rẹ̀ lè pani. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ gbà kọjá, dísẹ́ẹ̀lì ló ń gba orí ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé àṣà yẹn dé Blue Line. Bí fóònù bá jábọ́ síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pè.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Richmond, ẹ ti gba iná sí fóònù yín kẹ́ ẹ tó dé Washington. Bó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ẹ jẹ́ kí kóòtù wà nítòsí, torí ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ móoru náà á kú. Bí ọkọ̀ bá dún gbìì, tó mì díẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ló so mọ́ yín yẹn. Iná ò ní pẹ́ dé.