Bọ́ọ̀ṣì tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́: fífún ṣọ́ọ̀kì pinpin kọ́ ló ń mú kí ihò rẹ̀ rí róbótó

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tọ́nà, láti ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan leéètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, ló ti ń gbọ́ ọ: “Fún ṣọ́ọ̀kì yẹn dáadáa, kí iṣẹ́ má baà yẹ̀.” Ṣọ́ọ̀kì ni ohun tó ń di iṣẹ́ mú lórí ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ irin gbọọrọ tó nípọn la fẹ́ gé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá kan òrùka, páìpù tàbí bọ́ọ̀ṣì (òrùka gígùn tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn tó gbà á gbọ́ sì ní ẹ̀rí. Wọ́n á ní àwọn fi dáyà géèjì, ohun ìwọ̀n alábẹ́rẹ́ tó máa ń mì bí ojú nǹkan ò bá dọ́gba, yẹ ihò náà wò lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mì. Wọ́n á ní àwọn tún fi géèjì ẹlẹ́nu méjì wọ̀n ọ́n nígbà tí àwọn yọ ọ́, gbogbo ibi ló dọ́gba. Kò sí èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń sọ nínú ẹ̀rí méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀ jù ní jọ́ọ̀ mẹ́ta, ìyẹn eyín irin tó ń di iṣẹ́ mú. Bí a bá ti ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, jọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ bọ́ọ̀ṣì wọnú, àárín wọn sì ń wú síta, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka mẹ́ta fún ife ike. Ẹ mú bọ́ọ̀ṣì idẹ kan tí dáyámítà ìta rẹ̀ jẹ́ 80 mm, tó gùn ní 25 mm, tí ara rẹ̀ sì nípọn ní 3 mm. Bí jọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo 100 kg, ìṣirò fi hàn pé ojú ibẹ̀ á wọlé ní nǹkan bí 0.15 mm. Ihò 74 mm tí wọ́n ní kó wà ní H7, òdiwọ̀n tó ń sọ bí àṣìṣe ihò ṣe lè pọ̀ tó, kò sì ní ju 0.03 mm àyè lọ. Bẹ́ẹ̀, agbára 100 kg yẹn ò tó nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bá fi gbogbo ara tẹ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀bẹ leéètì ò mọ̀ pé bọ́ọ̀ṣì ti yí padà. Ihò róbótó ló máa gé sínú ohun tí kò róbótó mọ́. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ dáyà géèjì ò fi mì: ojú ibi tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà ló ń tẹ̀lé. Ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ fi géèjì náà sílẹ̀ nínú ihò, kí ẹ tú ṣọ́ọ̀kì títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó jù ú sílẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ rọra yí i. Abẹ́rẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á máa lọ, á máa bọ̀, ìgbà mẹ́ta ní yíyí kan. Bọ́ọ̀ṣì ti padà sí ìrísí tirẹ̀, ihò ló wá di alápá mẹ́ta.

Ti géèjì tí wọ́n fi wọn ihò lẹ́yìn náà ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹnu méjì tó kọjú síra ló fi ń wọn nǹkan. Nínú ihò alápá mẹ́ta, òdìkejì ibi tó bá ti fẹ̀ síta gan-an ni ibi tó ti fún wọlé. Bó bá fi 0.1 mm fẹ̀ níhìn-ín, tó fi 0.1 mm fún lọ́hùn-ún, àpapọ̀ ò yí padà. Ẹ yí géèjì ká bó ṣe wù yín, iye kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kà. Maikirómítà inú (ohun ìwọ̀n ihò) tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta á tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ fi gírísì lẹ bọ́ọ̀lù béárìn kékeré mọ́ ẹnu maikirómítà lásán, ẹ ki bọ́ọ̀lù náà sínú ihò, kí ẹ wọn òun àti ara bọ́ọ̀ṣì pọ̀, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n bọ́ọ̀lù kúrò. Ẹ ṣe é yíká. Ibi tí jọ́ọ̀ ti dì í mú ló máa fẹ́lẹ́ jù. Irú bọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ á fi ibi mẹ́ta tó fún wọlé péré gbé ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jẹ.

Nínípọn ló ń pàṣẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ara bọ́ọ̀ṣì bá fẹ́lẹ́ dé ìdajì, agbára kan náà á tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlọ́po mẹ́jọ. Alumíníọ̀mù tún ń tẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti irin.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí a má jẹ́ kí jọ́ọ̀ fọwọ́ kan ibi fẹ́lẹ́ rárá: kí a gé bọ́ọ̀ṣì náà lára irin gígùn, kí a parí inú àti ìta rẹ̀ nígbà tí jọ́ọ̀ ṣì di ìdí tó nípọn mú, kí a tó gé e kúrò. Ó ń jẹ irin díẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, jọ́ọ̀ rírọ̀ tí a gé sí dáyámítà iṣẹ́ náà gan-an á gbá a mọ́ra yíká. Òrùka tó nípọn tí a fi ayùn là níbì kan, tí a fi bọ iṣẹ́ náà, á ṣe é fún ẹni tí kò ní jọ́ọ̀ rírọ̀. Ṣọ́ọ̀kì onijọ́ọ̀ mẹ́fà náà dára: bí àpapọ̀ agbára bá jẹ́ ọ̀kan náà, títẹ̀ rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti onímẹ́ta.

Bó bá jẹ́ jọ́ọ̀ mẹ́ta lásán ló wà nílẹ̀, ẹ gé e kù díẹ̀, ẹ tú u kó sinmi, ẹ tún un dì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú gé ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹ dín eré ẹ̀rọ kù nígbà yẹn, torí bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń sáré ni jọ́ọ̀ ń fẹ́ là síta, iṣẹ́ tí a rọra dì sì lè fò jáde. Ẹ má dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀.