Bí Àwọn Ará Àdúgbò Ṣe Jà Títí Òfin Green Belt Fi Dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilẹ̀ tí òfin Green Belt ń dáàbò bò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ilẹ̀ wọn. Oko, igbó àti pápá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó yí Lọ́ńdọ̀nù, Birmingham, Sheffield, Oxford àti àwọn ìlú mìíràn ká, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣàdédé kọ́lé sí i. Mínísítà ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí tábìlì mínísítà, àwọn ará àdúgbò ti fi nǹkan bí 90 ọdún jà fún un, àwọn mìíràn sì ti tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Ìlú Loughton, ní etí igbó Epping nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ̀kan nínú àwọn ìjà àkọ́kọ́ ti le jù. Láti ayébáyé ni àwọn ará Loughton ti ní ẹ̀tọ́ láti máa gé ẹ̀ka igi nínú igbó náà fún ìdáná, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí wọn kò bá gé ẹ̀ka kankan ní òru ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ẹ̀tọ́ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà bí aago méjìlá òru bá ti lù ni wọ́n ń gbé àáké wọ igbó. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1865, John Whitaker Maitland, tí ó jẹ́ onílẹ̀ àgbà tí ó sì tún jẹ́ àlùfáà ìjọ ìlú náà, sọ ọgbà yí apá igbó tó wà ní Loughton ká. Lọ́ńdọ̀nù ń fẹ̀ nígbà náà, rélùwéè ti dé Loughton, owó ńlá sì ń bẹ nínú ilẹ̀ tí ènìyàn bá lè gé ní púlọ́ọ̀tì tà. Òṣìṣẹ́ kan tí kì í ṣe olówó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Willingale, kò gbà. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ wọ inú ọgbà, wọ́n gé igi bí àwọn baba wọn ti ń gé e, nígbà tí ó sì di ọdún 1866, adájọ́ rán díẹ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ọdún kan ṣáájú ẹ̀wọ̀n yẹn ni George Shaw-Lefevre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Commons Preservation Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń fi òfin gbèjà ilẹ̀ tí gbogbo aráàlú jọ ní ẹ̀tọ́ sí. Wọ́n bá Willingale gbé ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó kú ní 1870 kí ìdájọ́ tó dé, ẹjọ́ sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó gba igbó Epping sílẹ̀ lẹ́yìn èyí yani lẹ́nu. Àjọ tí ń ṣàkóso City of London ní ilẹ̀ kan tí wọ́n fi ṣe ibi ìsìnkú lágbègbè igbó náà, ilẹ̀ yẹn sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran jẹ̀ káàkiri igbó. Ẹ̀tọ́ ìdaran yìí ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n jàre ní 1874, òfin ọdún 1878 sì fi igbó náà sí ìkáwọ́ wọn fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Òfin kan náà fòpin sí gígé ẹ̀ka igi. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn ará Loughton, wọ́n sì fi nínú rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngán kan tí wọ́n pè ní Lopping Hall, èyí tí ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyẹn dùn mí fún àwọn ìdílé tí igi ìdáná gan-an jẹ lógún, nítorí pé igbó wọn yè, ṣùgbọ́n àǹfààní tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Octavia Hill. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí yàn láàyò ni láti máa gba àwọn ilé tí ó ti di ẹgẹrẹmìtì ní Marylebone, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tún wọn ṣe, kí ó sì fi wọ́n háyà fún àwọn tálákà ní iye tí agbára wọn ká. Inú àwọn yàrá tó há gádígádí yẹn ni ó ti rí i pé òrùlé nìkan kò tó ọmọ ènìyàn. Ó ní àwọn ará ìlú ńlá nílò ibi ìjókòó, ibi ìṣeré, ibi tí wọ́n ti lè rìn gbẹ̀fẹ́ àti ibi tí wọ́n ti lè lo odindi ọjọ́ kan. Pápá Swiss Cottage wà nítòsí tí àwọn ayálégbé rẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ fẹ́ kọ́lé sí i ní 1875, wọ́n ní àwọn yóò gba £10,000, Hill sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà, ó ń tọrọ owó kiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ti jọ, àfi bí àwọn onílẹ̀ ṣe yí ohùn padà tí wọ́n ní àwọn kò tà mọ́. Àdúgbò Fitzjohn's Avenue, tí ilé kún fọ́fọ́, ni ibẹ̀ lónìí. Octavia Hill náà ni wọ́n kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ lo orúkọ Green Belt fún ilẹ̀ tútù tó yẹ kí ó yí Lọ́ńdọ̀nù ká.

Kò jẹ́ kí àdánù yẹn dá òun dúró. Ó wà lára àwọn tó polongo títí wọ́n fi ra Parliament Hill, òkè kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fún aráàlú ní 1889, òun pẹ̀lú Robert Hunter àti Hardwicke Rawnsley ni wọ́n sì dá National Trust, àjọ tí ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́ fún aráàlú, sílẹ̀ ní 1895. Mo ń tẹnu mọ́ iṣẹ́ ilé rẹ̀ nítorí ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan àwọn tó ń gbèjà ilẹ̀, pé wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rílé gbé. Ẹni tí ó fún Green Belt ní orúkọ lo ayé rẹ̀ láti wá ilé tó dára fún tálákà, kò sì rí ìjà méjèèjì bí ohun tó tako ara wọn.

Lẹ́bàá Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an, òkè kan wà ní Honor Oak tí wọ́n ń pè ní One Tree Hill. Ní 1896 ẹgbẹ́ tí ń gbá góòfù fi ọgbà yí i ká. Ní ọdún kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará àdúgbò ya bò ó, wọ́n sì wó ọgbà náà lulẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Camberwell ló wá ra òkè náà níkẹyìn, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 1905. Ẹni tó bá ń gbé Peckham lè lọ jókòó síbẹ̀ lónìí, kí ó máa wo Lọ́ńdọ̀nù nísàlẹ̀.

Owó ni ìdènà tó wà nínú gbogbo èyí. Títí di 1947, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ dí onílẹ̀ lọ́wọ́ kíkọ́lé, ó lè di dandan kí wọ́n san owó èrè tí yóò pàdánù fún un, nítorí náà rírà ni ọ̀nà tó dájú jù. Ní Sheffield, Ethel Haythornthwaite, opó kan tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní pa ọkọ rẹ̀, kó àwọn ènìyàn jọ ní 1924 láti gbèjà àwọn òkè tó yí ìlú náà ká. Wọ́n kó owó jọ títí wọ́n fi gba ilẹ̀ Longshaw sílẹ̀, ìlú Sheffield sì fọwọ́ sí Green Belt tirẹ̀ ní 1938. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ Herbert Morrison, ìjọba ìlú ya £2,000,000 sọ́tọ̀ ní 1935 láti ran àwọn agbègbè tó yí i ká lọ́wọ́ kí wọ́n lè ra ilẹ̀, òfin ọdún 1938 sì dáàbò bo ilẹ̀ tí wọ́n rà.

Lẹ́yìn ogun kejì, òfin 1947 gba ẹ̀tọ́ ìkọ́lé kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ fún. Láti ìgbà náà, ìjọba lè sọ pé rárá láì ra ilẹ̀. Èyí ló mú kí ó rọrùn fún mínísítà Duncan Sandys láti rọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ní 1955 pé kí wọ́n ya Green Belt sórí àwòrán ilẹ̀ wọn, kí ìlú ńlá má baà máa gbilẹ̀ láìdúró, kí ìlú méjì má baà wọnú ara wọn, kí àwọn ìlú àtijọ́ sì lè pa ìrísí wọn mọ́.

Ìjà àwọn ará àdúgbò wá di ti ìwé kíkọ. Bí ẹnìkan bá tọrọ àṣẹ ìkọ́lé, bébà kan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òpó iná, tí nọ́ńbà ìwé ìbéèrè wà lórí rẹ̀, ọjọ́ 21 sì ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tó bá kọ̀wé pé iye owó ilé òun yóò wálẹ̀ ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, nítorí pé wọn kì í ka ìyẹn sí. Èyí tó bá fi hàn pé ìkọ́lé náà yóò so ìlú méjì pọ̀, tàbí pé ọ̀nà kò ní gba ọkọ̀, ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba fi ìlànà tuntun lélẹ̀ tí ó mú kí ó rọrùn láti kọ́lé sórí apá kan nínú Green Belt, pàápàá ibi tí wọ́n ti kọ́ nǹkan sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pè é ní grey belt. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n rà lábẹ́ òfin 1938 ní ààbò kejì, nítorí pé àṣẹ ìkọ́lé nìkan kò tó láti tà á tàbí láti kọ́lé sí i. Mínísítà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá ń múra ìjà kọ́kọ́ lọ wo ìwé ilẹ̀ náà, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó wà lára ilẹ̀ tí wọ́n rà lábẹ́ òfin yẹn.