Bí wọ́n ṣe ń fi okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ sọ ìtàn yunifásítì

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn ránṣẹ́ síni ti sọ̀rọ̀ tán, "ọkàn mi fà sí ẹ" nìyẹn, torí ẹẹ́fà la ti ń gbọ́ fífà. Àrokò ni. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú họ́ọ̀lù láti fi sọ ìtàn ilé ìwé ò jìnnà sí i rárá, ẹ̀ka àrokò ni, àfi pé inú fáìlì àti rẹ́jísítà ni wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde.

Ká mú Unilag ní Akoka. 1962 ló bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré. Okùn kan fún ọdún kan, wọ́n á fi wọ́n kọ́ páìpù lókè ní títẹ̀léra, okùn kọ̀ọ̀kan á pín sí ọ̀nà 12 fún oṣù 12, òkè ni oṣù kìíní, ìsàlẹ̀ ni Dìsẹ́ḿbà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, Balógun ní Island sì kún fún un.

Ibi ìṣirò ló ti máa ń le. Tí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá dúró fún ẹnì kan, 1962 á rọrùn, àmọ́ nígbà tó bá di ìgbà tiwa yìí tí èèyàn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, okùn á já, páìpù á tẹ̀. Tí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá sì jẹ́ 100, àwọn 31 nínú ará àkọ́kọ́ yẹn á wọgbó nìyẹn, èyí ò sì dáa lójú tèmi. Ohun tó tọ́ ni kí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá jẹ́ 100, kí kékeré jẹ́ ẹnì kan, kí 1962 ní ńlá kan, kéékèèké 31, kí gbogbo wọn pé.

Wọ́n á wá pín ìlẹ̀kẹ̀ ọdún kan sáàárín oṣù tí ilé ìwé wà ní ṣíṣí, wọ́n á ta kókó sábẹ́ ẹ̀ kó má baà yọ̀ sílẹ̀, oṣù tí wọ́n ti ilé ìwé pa ò ní gba nǹkankan. Ọdún tí kò sí wàhálà á tò lọ geere. Àmọ́ ẹ wo 2022, tí ASUU lọ stráíkì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, okùn lásán ni gbogbo àárín ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì há mọ́ra wọn lókè àti nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe há kíláàsì àti ìdánwò mọ́ àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. Okùn méjì sẹ́yìn, 2020 náà wà níbẹ̀, kòrónà àti stráíkì jọ pa á pọ̀.

Ohun tí nọ́ńbà ò lè sọ, àmì ló ń sọ ọ́. Òwú pupa fún 1965, ọdún tí ìjà ta ló máa ṣe ọ̀gá àgbà láàárín Eni Njoku àti Saburi Biobaku da ilé ìwé rú. Ṣaworo fún 2012, nígbà tí ìjọba ní kó máa jẹ́ Moshood Abiola University tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí títì, ẹni tó bá kọjá tó fara kàn án, á dún.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń lọ́ okùn pọ̀, torí náà wọ́n á so òjé sí ìdí ẹ̀, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Okùn ọdún tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni wọn ò ní so òjé mọ́, abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ló máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀, oṣù tó bá parí, wọ́n á so tiẹ̀ mọ́ ọn.