Kámẹ́rà ńlá, kámẹ́rà àpò: kí ló dé tí fọ́tò wọn jọra lọ́sàn-án, tí wọn ò jọra lálẹ́?

Láàárín àwa tí à ń ya fọ́tò n'Ìbàdàn, àríyànjiyàn yìí kì í tán. Ẹnì kan gbé kámẹ́rà ńlá mirrorless olówó gọbọi kọ́rùn, ẹnì kejì yọ kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan jáde látinú àpò ṣòkòtò. Àwọn méjèèjì ya Cocoa House láago mẹ́ta ọ̀sán, ẹni tó wò ó lórí fóònù ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Nígbà tó dalẹ́ lábẹ́ kánópì, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ àtàwọn oníbàárà máa ń bi mí pé kí ló fà á. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn gba owó lọ́wọ́ yín lórí kámẹ́rà ńlá yẹn?

Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, tó sì jẹ́ orí fóònù lo ti ń wò ó, o fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Bí oòrùn bá ti ràn, ìmọ́lẹ̀ tó wà níta ju èyí tí kámẹ́rà èyíkéyìí nílò lọ. Èyí kékeré á yó, èyí ńlá á yó, ìyókù á ṣòfò. Ojú fóònù tí o fi ń wò ó náà ò tóbi: fọ́tò lè ní píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán, mílíọ̀nù 24, ṣùgbọ́n fóònù tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1080 ò lè fi ju bíi mílíọ̀nù 2 hàn lẹ́ẹ̀kan. Ká má tíì sọ WhatsApp tó ti máa fún fọ́tò náà pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí. Ìgbà tí ìyàtọ̀ máa yọjú lọ́sàn-án ni ìgbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde tó máa gba ògiri, tàbí tí o bá fẹ́ gé orí ẹnì kan ṣoṣo jáde láàárín èrò.

Kí ni wọ́n ń pè ní mirrorless gan-an? Ṣé dígí wà nínú kámẹ́rà àpò ni?

Kò sí. Inú DSLR, irú kámẹ́rà ńlá tó ṣáájú mirrorless, ni dígí wà, níwájú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Òun ló máa ń fò sókè tó ń dún gbà bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Panasonic yọ dígí náà kúrò nínú Lumix G1 ní 2008, Sony gbé A7 jáde ní 2013 pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní full-frame, Canon àti Nikon gbé tiwọn dé ní 2018. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ dígí kọ́ ló ya kámẹ́rà méjèèjì sọ́tọ̀. Lẹ́ńsì mirrorless ṣeé yọ, ẹ lè fi òmíràn sí i. Ti kámẹ́rà àpò ò ṣeé yọ. Sẹ́ńsọ̀ inú wọn ò sì tóbi bákan náà.

Píksẹ́lì tí wọ́n kọ sí wọn lára ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kí ló wá fa ìyàtọ̀ fọ́tò?

Ẹ gbàgbé píksẹ́lì ná, ẹ jẹ́ ká wọn sẹ́ńsọ̀. Sony RX100, kámẹ́rà àpò tó jáde ní 2012, ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 20 lórí sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ mìlímítà 13.2 × 8.8. Full-frame jẹ́ mìlímítà 36 × 24. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: èyí àkọ́kọ́ fẹ̀ tó 116, èkejì fẹ̀ tó 864. Ó ju ìlọ́po méje lọ.

Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé sẹ́ńsọ̀ kékeré yẹn jẹ́ íǹṣì kan. Irọ́ ni, kò sí íǹṣì kankan níbẹ̀. Igun sí igun rẹ̀ ò ju mìlímítà 16 lọ. Orí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ti jogún ìwọ̀n yẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1959, inú túùbù onígíláàsì ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ti ń gba àwòrán, ìbú ìta túùbù ni wọ́n sì máa ń fi íǹṣì wọ̀n. Túùbù ti lọ, wọn ò fi íǹṣì sílẹ̀.

Wàyí o, ìdí tí títóbi fi ṣe pàtàkì. Ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀, kì í sì í bọ̀ dọ́gbadọ́gba. Bí ó bá yẹ kí píksẹ́lì kan nínú kámẹ́rà kékeré gba ẹyọ 100, èyí á gba 90, tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á gba 110. Ìyàtọ̀ 10 nínú 100 nìyẹn, ojú á rí i: awọ ara ènìyàn á wá ní àmì wẹ́wẹ́ tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní noise. Lójú ibẹ̀ kan náà, píksẹ́lì inú full-frame á gba nǹkan bíi 740. Tiẹ̀ náà á fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n pẹ̀lú nǹkan bíi 27 ni, kò tó 4 nínú 100. Lọ́sàn-án, tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú kámẹ́rà méjèèjì, àìdọ́gba yẹn kéré débi pé ojú ò rí i mọ́. Ohun tó mú wọn jọra lọ́sàn-án tí wọn ò sì jọra lálẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ra mirrorless ti borí nìyẹn, àbí?

Rárá o. Ibí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣègbé.

Sẹ́ńsọ̀ ò dá ṣiṣẹ́. Ẹnu lẹ́ńsì ló ń pinnu ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé, nọ́ńbà tí wọ́n fi f ṣíwájú ló sì ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni ẹnu ṣe ń fẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi kámẹ́rà méjì wéra, ẹ sọ nọ́ńbà f yẹn di ìlọ́po 2.7 fún sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan, ìlọ́po 1.5 fún APS-C, sẹ́ńsọ̀ tó wà láàárín kékeré àti full-frame, ti Sony, Nikon tàbí Fujifilm; full-frame dúró bó ṣe wà. Èyí tó bá kéré jù ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. RX100 III tó jáde ní 2014 bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8, bí ẹ bá fa zoom rẹ̀ tán ó di f/2.8. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.7: 4.9 àti 7.6. Ẹ wá mú mirrorless APS-C pẹ̀lú lẹ́ńsì tó bá a wá nínú páálí, f/3.5 sí f/5.6. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5: 5.3 àti 8.4. Ẹ rí i bí? Kámẹ́rà tó wọ àpò ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù! Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi owó àjọ ra mirrorless, tí owó sì tán lórí ara kámẹ́rà. Lẹ́ńsì inú páálí yẹn ni wọ́n wá gbé lọ sóde alẹ́, wọ́n sì ń sọ pé wọ́n ta òfò fún wọn. Kámẹ́rà ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè fi lẹ́ńsì 50mm f/1.8 sí i, 2.7 ló máa dà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ full-frame pẹ̀lú 85mm f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà fi nǹkan bí ìlọ́po 18 ju ti RX100 III tí wọ́n fa zoom rẹ̀ tán.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń sọ bí ẹ̀yìn fọ́tò ṣe máa ṣe bàìbàì tó. Kámẹ́rà àpò tí wọ́n kọ f/1.8 sí lára ò lè pa ẹ̀yìn rẹ́ bíi f/1.8 ti full-frame, bíi f/4.9 ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òrùka lórí àwo ìdána lẹ fẹ́ yà, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, á ṣe é.

Fotogíráfà, kí ló dé tí léèsì mi funfun báláú, tí ojú mi wá dúdú nínú fọ́tò yín?

Ẹ jọ̀ọ́, màmá. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé èèyàn ló ń wò. Ohun tó ń gbìyànjú ni pé kí gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ má mọ́ jù, kó má sì dúdú jù. Bí léèsì funfun bá gba ibi tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú yín ló sì máa san gbèsè ẹ̀. Kámẹ́rà ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kékeré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ fotogíráfà ni láti fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó yà á, kó má sì jẹ́ kí léèsì jó.

Bó bá gbàgbé tó wá fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ìgbà yẹn ni kámẹ́rà ńlá máa ràn án lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ló fi yà á, ojú máa mọ́ bọ̀ láìní àmì wẹ́wẹ́ púpọ̀. Ti kámẹ́rà àpò, awọ á hun jọ.

Ṣé ohun kankan wà tí èyí kékeré fi ju èyí ńlá lọ?

Ó wà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ mú ìyàwó kan tó dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó láago méjìlá ọ̀sán. Oòrùn wà lórí gèlè, ojú ti wọ inú òjìji. Ẹ nílò fíláàṣì. Shutter mirrorless, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì fún ìmọ́lẹ̀, ní kọ́tìnnì méjì tó ń sáré kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, bó bá sì ti ju bíi 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ, kò sí ìgbà tí gbogbo sẹ́ńsọ̀ ń ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíláàṣì á ba apá kan, apá kejì á dúdú. Nítorí náà ẹ ní láti dúró ní 1/250, kí ẹ sì pa ẹnu lẹ́ńsì dé bíi f/11 nítorí oòrùn, fíláàṣì á wá máa fi gbogbo agbára rẹ̀ jà. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní HSS tó lè kọjá 1/250, àmọ́ ó máa ń jẹ agbára fíláàṣì gan-an ni. Nínú RX100, inú lẹ́ńsì ni shutter wà, àárín ló ti ń ṣí, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ló sì ń rí fíláàṣì títí dé 1/2000. Fíláàṣì ara rẹ̀ kéré, kò lè lọ jìnnà, ṣùgbọ́n fún ẹnì kan tó dúró nítòsí, á tan ojú ẹ̀ kedere.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? RX100 VII jẹ́ gíráàmù 302. Sony A7 IV jẹ́ 658, lẹ́ńsì 24-70mm f/2.8 GM II rẹ̀ jẹ́ 695. Kílò kan ó lé 353 gíráàmù lọ́rùn yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé e wọ Ọjà Ọba, kí ẹ tó ya ata kan ṣoṣo, wọ́n á ti bi yín pé ta ló rán yín, ìwé ìròyìn wo ni, èló lẹ máa fún wọn. Kámẹ́rà kékeré kì í dá irú ìjọ̀ngbọ̀n yẹn sílẹ̀. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè o.

Iná LED lábẹ́ kánópì máa ń fa ìlà-ìlà sí fọ́tò mi. Kámẹ́rà wo ló burú níbẹ̀?

Kò sí èyí tó burú. Ẹ ti tan shutter aláìdún sílẹ̀ ni. Ẹ pa á, ẹ lo shutter gidi, kí ẹ sì gbìyànjú 1/100, nítorí iná wa jẹ́ 50 Hz, ìgbà 100 ló sì ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná àwọn DJ máa ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀.

Ọyẹ́ ńkọ́?

Ọ̀tá àwọn méjèèjì ni. Bí ẹ bá yọ lẹ́ńsì mirrorless níta lásìkò ọyẹ́, eruku á bà lé sẹ́ńsọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé nù. Kámẹ́rà àpò ò ṣeé ṣí, àmọ́ bí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe ń yọ jáde tó ń padà wọlé, ó ń fa eruku mọ́ra. Bí ìyẹn bá ti dé orí sẹ́ńsọ̀, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀.

Ṣé mo lè fi kámẹ́rà àpò gba iṣẹ́ ìgbéyàwó?

Má ṣe é ní òun nìkan. Bátìrì RX100 VII, fọ́tò 260 ni wọ́n kọ sí i, ti A7 IV 580. Ibi káàdì kan ṣoṣo ni RX100 VII ní. A7 IV ní méjì, ó lè kọ fọ́tò kan náà sórí méjèèjì, bí káàdì kan bá kú, ìgbéyàwó ò kú. Ọ̀rọ̀ ojú ayé tún wà níbẹ̀: oníbàárà tó san owó ńlá fẹ́ rí irinṣẹ́ ńlá, kò sì sí àlàyé sẹ́ńsọ̀ tó máa tù ú nínú. Fi kámẹ́rà kékeré sínú àpò ṣe èkejì.

Fóònù ò tíì gba iṣẹ́ kámẹ́rà àpò báyìí?

Ó ti gba tàwọn olówó pọ́ọ́kú, àwọn tí sẹ́ńsọ̀ wọn jẹ́ bíi mìlímítà 6.2 × 4.6. Fóònù ń to fọ́tò púpọ̀ pọ̀ mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó fún yín ní ẹyọ kan, wọn ò lè bá a dù ú. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọdún egúngún, tí ẹ fẹ́ ya aṣọ rẹ̀ láti ibi tí àtòrì ò ti ní bà yín, zoom 24-200mm ti RX100 VII, tó jẹ́ ti lẹ́ńsì gidi, á mú un wá sí itòsí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, gígé ni wọ́n á kàn gé fọ́tò náà.

Tòkunbọ̀ ni agbára mi ká. Kí ni kí n yẹ̀ wò ní Dùgbẹ̀?

Tó bá jẹ́ kámẹ́rà àpò, tàn án kí o pa á léraléra, kí o sì fetí sí bí lẹ́ńsì ṣe ń jáde; bó bá ń há tàbí tó ń ké, fi í lẹ̀. Pa ẹnu lẹ́ńsì dé ibi tó kéré jù, ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí o fẹ fọ́tò náà lójú: àmì dúdú tí ò kúrò lójú kan, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Tó bá jẹ́ mirrorless, béèrè iye ìgbà tí shutter rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú lẹ́ńsì láti wo bóyá olú ti hù síbẹ̀, kí o sì fi káàdì tìrẹ ya fọ́tò nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù, nítorí níta gbangba gbogbo wọn ló dára. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sáyè fún gbogbo ìyẹn, dá a padà fún un.