Ìjọba olómìnira, ìjọba tiwantiwa àti ewu àṣẹ àwọn tó pọ̀ jù

Ìjọba olómìnira ni ètò ìṣèlú tí ilẹ̀ kì í ti í ṣe ohun ìní ọba tàbí ìdílé kan, tí ẹni tó wà ní ipò olórí kò sì jogún ipò náà. Ìjọba tiwantiwa, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìjọba àwarawa, ni èyí tí àwọn ará ìlú ti ń pinnu bí wọn yóò ṣe máa darí ara wọn, yálà nípa dídìbò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tàbí nípa yíyan aṣojú tí wọ́n lè fi ìbò yọ nípò lọ́jọ́ iwájú. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni ìjọba. Ti èkejì ń sọ bí ènìyàn ṣe ń dé orí àga àṣẹ àti bí ó ṣe ń kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè kan lè jẹ́ méjèèjì pọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ èkejì. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni àríyànjiyàn yìí ti gbóná jù. Àwọn kan níbẹ̀ máa ń sọ pé olómìnira ni ilẹ̀ àwọn, pé kì í ṣe tiwantiwa, ohun tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn ni ìbẹ̀rù pé àwọn tó pọ̀ jù lè fi ìbò tẹ àwọn tó kéré níye mọ́lẹ̀.

Olómìnira láìsí tiwantiwa

Venice, ìlú kan ní Ítálì, wà láìní ọba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún títí di 1797, ìdìbò ni wọ́n sì fi ń yan olórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Doge. Síbẹ̀, láti 1297 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn Ìgbìmọ̀ Ńlá ìlú náà mọ́ ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ àwọn ìdílé tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ló kù tó ń yan ara wọn. Ní Róòmù àtijọ́, ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yan àwọn kọ́ńsù, ìyẹn àwọn olórí ìlú, àmọ́ ọrọ̀ ni wọ́n fi pín àwọn olùdìbò sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Àwọn ọlọ́rọ̀ ló ń kọ́kọ́ dìbò, ọ̀rọ̀ sì lè ti parí kí ó tó kan tálákà.

Orílẹ̀-èdè Benin, tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1975 títí di 1990 ni ó fi jẹ́ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àwọn Ènìyàn Benin lábẹ́ Mathieu Kérékou, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin sì fàyè gbà. Àpérò gbogbogbòò tí wọ́n ṣe ní Kutọnu ní oṣù Kejì 1990 ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, Nicéphore Soglo sì fi ìbò borí Kérékou ní 1991. Olómìnira ni ilẹ̀ náà ṣáájú àpérò yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ohun tó yí padà. Nàìjíríà di olómìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1963, nígbà tí Nnamdi Azikiwe rọ́pò Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gẹ́gẹ́ bí olórí orílẹ̀-èdè, àwọn ológun tó gba ìjọba ní 1966 kò sì torí pé wọ́n pa ìdìbò tì kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà sábẹ́ ọba. Ti Britain, Sweden àti Japan yàtọ̀ pátápátá sí èyí: ọba tàbí ọbabìnrin wà lórí ìtẹ́, àwọn olùdìbò ló sì ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò ṣèjọba.

Ohun tí Madison ní lọ́kàn

Ìyàtọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tọ́ka sí wá láti inú àwọn àròkọ 85 tí Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay kọ ní 1787 àti 1788 lábẹ́ orúkọ Publius, láti rọ àwọn ará New York kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun ti Amẹ́ríkà. Nínú àròkọ kẹwàá, tó jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 1787, Madison ní tiwantiwa pọ́ńbélé ni ti ìlú kékeré tí àwọn ará ìlú ti ń pé jọ láti ṣèjọba fúnra wọn, ó sì fi orúkọ olómìnira pe ìjọba tó ń lo aṣojú. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ayé òde òní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí orílẹ̀-èdè kan tí a lè pè ní tiwantiwa mọ́, nítorí aṣojú ni gbogbo wọn ń lò.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ní 1786, àwọn àgbẹ̀ onígbèsè gbé ohun ìjà ní Massachusetts, Daniel Shays wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n sì dí àwọn ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa gba oko wọn. Ní Rhode Island, àwọn aṣòfin tí àwọn onígbèsè dìbò fún tẹ owó bébà jáde, wọ́n sì fi òfin mú àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè láti gbà á. Madison dárúkọ owó bébà, pípa gbèsè rẹ́ àti pípín ohun ìní dọ́gba mọ́ ara ohun burúkú tí àwọn tó pọ̀ jù lè ṣe. Ẹ̀tọ́ olówó ló ń gbèjà níbẹ̀, àròkọ náà kò sì sọ nǹkan kan nípa àwọn ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrú wà lóko òun fúnra rẹ̀ ní Virginia. Oògùn tó dámọ̀ràn ni kí ilẹ̀ náà gbòòrò, kí oríṣiríṣi ẹgbẹ́, ẹ̀sìn àti òwò wà nínú rẹ̀, tí yóò fi ṣòro fún èyíkéyìí nínú wọn láti kó ara wọn jọ di ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó fìyà jẹ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nínú àròkọ kọkàndínlógójì, ìtumọ̀ tí Madison fún olómìnira gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ: ìjọba tí agbára rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ náà, tààrà tàbí láìṣe tààrà, tí kò wá láti ọ̀dọ̀ ìwọ̀nba díẹ̀. Ìyẹn kò jìnnà rárá sí ohun tí a ń pè ní tiwantiwa aláṣojú lónìí. Abala kẹrin ìwé òfin Amẹ́ríkà ṣe ìlérí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní ìjọba olómìnira, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan sì gbé ìlérí yìí lọ sílé ẹjọ́ láti tako ètò tí àwọn ará Oregon fi ń dìbò ṣe òfin fúnra wọn. Ní 1912, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn pé ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin àpapọ̀ nìyẹn, pé ilé ẹjọ́ kò ní dá sí i.

Bí àṣẹ àwọn tó pọ̀ jù ṣe ń ṣini lọ́nà

Ní ọdún 406 ṣáájú ìbí Kristi, lẹ́yìn tí Athens ṣẹ́gun lójú omi ní Arginusae, ìjì kò jẹ́ kí wọ́n lè kó àwọn atukọ̀ tó wà nínú omi. Àpéjọ àwọn ará ìlú fi ìbò kan ṣoṣo dá àwọn ọ̀gágun mẹ́jọ lẹ́bi pa pọ̀, èyí tó lòdì sí ìṣe ilẹ̀ náà, wọ́n sì pa àwọn mẹ́fà tọ́wọ́ tẹ̀. Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí, tó wà nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi kábàámọ̀, àmọ́ ní 399 ṣáájú ìbí Kristi, ìbò àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù ni wọ́n fi dá ẹjọ́ ikú fún Socrates náà.

Ní California, ilé aṣòfin ṣe òfin ní 1963 láti ka ìyapa ẹ̀yà nínú títa ilé àti fífi ilé háyà léèwọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1964, nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ pé onílé lè kọ̀ láti tà fún ẹnikẹ́ni tí kò bá wù ú. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn olùdìbò yìí fi ìbò wọn gbé Lyndon Johnson wọlé fún ipò ààrẹ ní ìpínlẹ̀ náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ aráàlú. Ilé ẹjọ́ gíga California wọ́gi lé àfikún náà ní 1966, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti èyí lẹ́yìn ní 1967 pẹ̀lú adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin.

Àwọn ìdènà àti àwọn tí wọ́n ń dáàbò bò

Àfikún mẹ́wàá tó wọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ní 1791 kó àwọn ẹ̀tọ́ kan kúrò lábẹ́ ìbò. Agbára wọn kò ju ọwọ́ adájọ́ lọ. Ní 1940, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà kí ilé ìwé fipá mú àwọn ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà láti kí àsíá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló yí ìdájọ́ yẹn padà. Ní 1944, ilé ẹjọ́ kan náà fọwọ́ sí lílé àwọn ọmọ ìran Japan tó wà ní Amẹ́ríkà kúrò nílé wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan bí 120,000 tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ìdènà tó le jù wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, níbi tí Wyoming, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó 600,000, ti ní aṣòfin méjì bíi California tó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 39. Ní 1922, ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá òfin láti fìyà jẹ àwọn tó ń pa ènìyàn láìgbẹ́jọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń pa bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ adúláwọ̀. Àwọn aṣòfin àgbà láti Gúúsù sọ̀rọ̀ títí, wọn kò jẹ́ kí ìdìbò wáyé, tí àbá náà fi kú. Ètò tí a ṣe fún ààbò àwọn tó kéré níye di asà fún àwọn tó ń fìyà jẹ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Mississippi àti South Carolina, níbi tí adúláwọ̀ ti pọ̀ ju funfun lọ nígbà náà: ìwé òfin 1890 àti ti 1895 lo owó orí olùdìbò àti ìdánwò ìwé kíkà láti gba ìbò lọ́wọ́ wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì jọba ní orúkọ gbogbo ènìyàn títí tí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò fi dé ní 1965.

Ní Nàìjíríà, ẹkùn mẹ́ta ló wà ṣáájú òmìnira, ẹ̀yà ńlá kan sì ń borí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Yorùbá ni àwọn tó pọ̀ jù tí Ẹ̀dó, Urhobo àti àwọn mìíràn ń bẹ̀rù. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti wádìí ìbẹ̀rù yìí, tó sì jábọ̀ ní 1958, kò fọwọ́ sí dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, ó sì ní kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. Ní 1963, ìbò àwọn ará ibẹ̀ ló yọ ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Láti 1979, pípọ̀ ìbò nìkan kò tó láti di ààrẹ: olùdíje gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìwé òfin 1999 fi Abuja kún un, èyí sì dá ẹjọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò 2023, àwọn kan ń sọ pé ẹni tí kò bá ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní Abuja kò wọlé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní bí a ṣe ń ka ìpínlẹ̀ yòókù ni a óò ṣe ka Abuja.