Kí ló pa MohBad gan-an? Ìbéèrè tí ẹ ń béèrè lẹ́yìn ìdájọ́ Ìkòròdú

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ coroner, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, tó jókòó ní Ìkòròdú sọ pé àìbìkítà nínú ìtọ́jú ló fa ikú MohBad, ó sì ní kí wọ́n gbé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́ lọ síwájú ilé ẹjọ́. Lọ́jọ́ náà, kí n tó mu tíì mi tán, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fi fídíò mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gbogbo wọn ló ní àwọn mọ ẹni tó pa ọmọ náà, orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì dá. Àwọn ìbéèrè tí òun àti àwọn mìíràn bi mí láti ìgbà náà ni mo kó jọ síbí.

Ta ni MohBad?

Iléríolúwa Ọládiméjì Aloba, olórin tàka-súfèé tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìmọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó kú?

Ohun tí ọlọ́pàá sọ ni pé MohBad ṣeré ní Ìkòròdú ní ọjọ́ 10 oṣù náà, aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì fara pa lọ́wọ́. Kò lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ 12, wọ́n pe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan wá tọ́jú rẹ̀ nílé ní Lẹ́kí, ẹni náà sì gún un lábẹ́rẹ́, títí kan ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ara rẹ̀ fi yí padà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó ti kú.

Dókítà sọ nílé ẹjọ́ pé òun kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tó pa á. Báwo wá ni adájọ́ ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìbéèrè yìí ló tọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, àìdáhùn rẹ̀ ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa pariwo pé wọ́n ti ra ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Sókúnlé Sóyẹmí, dókítà tó ṣe àyẹ̀wò òkú náà, wá jẹ́rìí ní ọdún 2024. Ó ní ara òkú náà ti jẹrà jù fún òun láti tọ́ka sí ohun kan pé òun ló pa á. Ó fi kún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló kọ oògùn. Wọ́n sin MohBad ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì hú òkú rẹ̀ ní ọjọ́ 21. Ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn nínú ilẹ̀ Ìkòròdú, ní àkókò òjò, láìsí yìnyín mọ́ṣúárì kankan. Irú ikú tí a ń fura sí yìí kì í fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tó lè tú àṣírí rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló sì dára jù láti fi gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Wíwú ọ̀fun àti ètè tí ojú ì bá rí máa ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ dà bí ọdẹ tó dé ibi ẹsẹ̀ ẹran lẹ́yìn tí àgbàrá òjò ti kọjá níbẹ̀.

Dókítà kò lè sọ ju ohun tí ara òkú bá fi hàn án lọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ coroner kò gbára lé òkú nìkan. Ó gbọ́ ẹnu àwọn tó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, àwọn tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹbí. Ó wo bí àkókò ṣe tẹ̀lé ara wọn: ọkùnrin kan ń bẹ láàyè, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nílé, ara rẹ̀ yí padà, ó kú. Èyí tó ṣeé ṣe jù lọ ni adájọ́ ń wá. Nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn. Àmọ́ mi ò ní tàn yín: níwọ̀n bí òkú kò ti lè sọ̀rọ̀ tán, àyè díẹ̀ yóò máa wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiyèméjì. Ìsìnkú kíákíá yẹn ló gba ìdánilójú lọ́wọ́ wa.

Ṣé pé “ara kọ oògùn” túmọ̀ sí pé wọ́n fún un ní májèlé?

Rárá. Oògùn tó dára, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń lò láìsí wàhálà, lè ṣe ẹnì kan báyìí. Ara á rí oògùn náà bí ọ̀tá, á sì gbógun tì í lójijì débi pé ọ̀fun á wú, èémí á há, ẹ̀jẹ̀ kò ní ní agbára láti yí ká mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi lè pààyàn. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni wọ́n fi ń gbà á là, ó sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹni tó ń gún èèyàn.

Bí kò bá sí ohun tí wọ́n ń pa mọ́, kí ló dé tí wọ́n fi sin ín ní ọjọ́ kejì?

Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ló kọ́kọ́ béèrè èyí lórí ayélujára, kò sì yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú lè wà ní mọ́ṣúárì fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa pàápàá gbàgbé.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àdúrà wa ni kí ọmọ sin òbí. Tí òbí bá wá wà láàyè tí ọmọ kú, a kì í pe àlejò, a kì í se ìrẹsì, a kì í rán aṣọ ẹbí. Kíákíá ni wọ́n ń gbé e sin, kí ojú ìyá àti bàbá má baà pẹ́ lára rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ náà títí tí òun náà á fi kú. Mo ti rí i ní ilé tiwa. Wákàtí márùn-ún péré ni wọ́n fi sin ọmọ àbúrò bàbá mi, kò sì sí ẹni tó fura sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kíkánjú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn.

Síbẹ̀ òfin Èkó ń bẹ. Láti ọdún 2007 ni òfin coroner ti wà níbẹ̀ pé ikú òjijì tí a kò mọ ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé etí ìjọba kí wọ́n tó sin òkú. Àṣà sọ pé kí a yára, òfin sọ pé kí a dúró. Lórí ọ̀rọ̀ MohBad, àṣà ló borí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà burú fún àwọn òbí náà ju kí wọ́n dúró ní ọjọ́ mẹ́ta lọ: wọ́n hú ọmọ wọn níṣojú gbogbo ayé.

Fídíò kan fi hàn pé ọrùn rẹ̀ tẹ̀ nínú pósí. Ṣé wọn kò fún un lọ́rùn ni?

Ara òkú máa ń le gan-an láàárín wákàtí méjìlá. Bí ọrùn bá ṣe wà nígbà tí ara bá le ni yóò ṣe wà, bí pósí bá sì kéré, á tún tẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe tẹ́ òkú kò sọ bó ṣe kú.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi mú Naira Marley àti Sam Larry?

Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìfura aráàlú ṣàdédé wá. MohBad kúrò ní Marlian Records, ilé iṣẹ́ orin Naira Marley, ní ọdún 2022. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, òun fúnra rẹ̀ bọ́ sí orí ayélujára, ó fi àpá ara rẹ̀ hàn, ó ní wọ́n lu òun nítorí pé òun fẹ́ pààrọ̀ máníjà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọlọ́pàá pé Sam Larry, agbátẹrù orin tó súnmọ́ Naira Marley, kó èèyàn wá da ibi tí òun ti ń ya fídíò rú. Ọlọ́pàá ní wọ́n pè é, kò padà wá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú. Ta ni kò ní fura?

Wọ́n mú àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n padà sí Nàìjíríà, wọ́n lò ju oṣù kan lọ ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó gba béèlì. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ọ́fíìsì tó ń gba ìjọba Èkó nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ ọ̀daràn sọ pé kò sí ẹ̀rí tó so wọ́n mọ́ ikú náà, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni ohun tí MohBad ní wọ́n fojú òun rí nígbà tó wà láàyè. Èkejì ni ohun tó pa á. A ti po méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tí èkejì kò sì lọ síbi tí a fẹ́, àkọ́kọ́ náà bá a sọnù. Ọmọdékùnrin kan fi àpá hàn gbogbo ayé, ó kọ̀wé sí ọlọ́pàá, kò sì sí ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Kò dìgbà tí a bá rí apànìyàn kí ìyẹn tó burú. Mo ṣì ń wá fídíò kan lórí TikTok tó béèrè ìbéèrè yẹn nìkan.

Ṣé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà ti jẹ̀bi nìyẹn?

Rárá o. Coroner kì í dá èèyàn lẹ́bi. Ó ń sọ ìdí ikú, ó sì lè ní kí wọ́n pe ẹnì kan lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ mìíràn ló máa gbọ́ tẹnu òun náà.

Ṣé irú eléyìí, kí aráàlú kọ ohun tí wọ́n sọ pé ó pa gbajúmọ̀ kan, ti ṣẹlẹ̀ rí?

Kí ayélujára tó dé rárá. Nígbà tí Fẹlá kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, bọ́ síta ó ní àrùn éèdì ni. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Fẹlá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ìjọba ni.

Ti Abíọ́lá tún wá lé kenkà. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998, ó ń bá àwọn aṣojú Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní Àbújá, wọ́n fún un ní tíì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó kú lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní àrùn ọkàn tó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ ni. Títí di òní, ẹ béèrè ní ọjà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, tíì ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Mo lóye rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ọkùnrin tó wọlé ìbò pamọ́ sí àtìmọ́lé. Ẹni tó bá rántí ìyẹn kò ní fẹ́ gbọ́ pé ọkàn lásán ni. Ṣùgbọ́n àárín tíì àti ọkàn ni ìbéèrè gidi bọ́ sí: irú ìtọ́jú wo ni aláìsàn ọkàn rí gbà ní àtìmọ́lé fún ọdún mẹ́rin?

Àwọn wòlíì tó ní àwọn ti rí i tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n dárúkọ, kí wọ́n dá ọjọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ tó bá jáde lẹ́yìn ìsìnkú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ọmọ rẹ̀ àti àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ.

Mi ò sì ní sọ. Ọmọ ọwọ́ ni ọmọ náà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó máa dàgbà, ó máa lọ sílé ìwé, ó máa ní fóònù, ó sì máa ka ohun tí àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí kọ nípa imú rẹ̀ àti etí rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni kó jókòó yanjú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àwòrán ọmọ náà ránṣẹ́ mọ́.

Ṣé kí n máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni?

Ẹ má bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń gún un ni kí ẹ ṣọ́. Tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ẹ kò bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè pa yín. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ibùdó ìlera ìjọba, ẹ sọ oògùn tó ti bá yín jà rí, ẹ béèrè orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ gún, ẹ sì jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Bí ara bá ń yún yín lójijì, tí ètè ń wú, tí ẹ ń bì, tí èémí ń há tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ pariwo. Ẹ má dìde rìn kiri. Tó bá jẹ́ ilé ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767 tí ẹ bá wà ní Èkó, kí ẹ sì máa gbé onítọ̀hún lọ.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ní “nọ́ọ̀sì àdúgbò” tó ń wá fa omi sí wa lára nílé nítorí pé ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èmi náà ti pe irú ẹ̀ rí. Mi ò ní pe e mọ́.

Bí ọ̀dọ́ bá ṣàdédé kú nínú ilé wa, kí ni ká ṣe?

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí ẹ bá rò pé ó ti kú, kí dókítà ló sọ ọ́. Ẹ má da ìgò oògùn, páálí tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò nù. Ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù kan. Ẹ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín létí, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìwé tí wọ́n bá kọ. Ẹ jẹ́ kí òkú wọ mọ́ṣúárì títí wọn ó fi ṣe àyẹ̀wò. Tí ẹ bá sọ fún wọn pé òkú ọ̀fọ̀ ni, pé ẹbí fẹ́ kó yá, ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè ṣe é. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan dúró ti ọ̀rọ̀ náà, kí ìyá ọmọ lè jókòó sílé sunkún.